Mo fẹ́ ra trélà, dírẹ́bà mi lóun ò wà á

ÌyáSìmẹ́ǹtì (Ìjẹ̀bú-Igbó)

Ẹ kú ojúmọ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Sìmẹ́ǹtì ni mò ń tà ní Ìjẹ̀bú-Igbó níbí, mo sì ní lọ́rì onítáyà mẹ́wàá kan tó ń bá mi kó ọjà láti Ṣàgámù. Àpò 300 ló ń kó. Owó díẹ̀ wọlé, mo wá ní kí n ta eléyìí, kí n fowó lé e, kí n ra trélà tó ń kó 600 lẹ́ẹ̀kan náà. Lójú tèmi, ìrìn méjì á di ẹyọ kan, dísù á dín kù, èrè á ku sí mi lọ́wọ́.

Mo sọ fún dírẹ́bà mi, mo rò pé á dọ̀bálẹ̀ dúpẹ́ ni. Ló bá lóun ò wà á. Ọmọ dáadáa ni o, kì í mutí, kì í jí dísù, ó ti pẹ́ lọ́wọ́ mi. Ó ní tí mo bá ra trélà, kí n wá ẹlòmíì sí i. Mo ní kí ló dé, ó kàn rẹ́rìn-ín, ó ní, “Mọ́mì, ẹ jẹ́ ká máa bá tiwa bọ̀.” Bẹ́ẹ̀ ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tó ń wakọ̀ fún iléeṣẹ́ kan, àdúrà trélà ló ń gbà tọ̀sán-tòru. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nídìí ọkọ̀, kí lẹ rí lára trélà tí ẹlòmíì fi ń sá fún un, tí ẹlòmíì sì ń wá a lójú méjèèjì?

ỌmọAlárẹ̀

Ẹ̀rù ń ba dírẹ́bà yín ni Mọ́mì. Trélà ló ń fi ọkùnrin hàn.

OnítáyàMẹ́wàá (Ìjẹ̀bú-Òde)

Ẹni tó sọ̀rọ̀ lókè mi yẹn, ṣé o ti fi ẹ̀yìn wọ ọgbà rí pẹ̀lú trélà, àbí orí fóònù lo ti ń wò ó?

Mọ́mì, ẹ má bínú sí dírẹ́bà yín. Ẹ kọ́kọ́ dá mi lóhùn ná: ta ló ń ra sìmẹ́ǹtì lọ́wọ́ yín? Tó bá jẹ́ ẹni tó ń kọ́lé ní Òkè-Sópin, tàbí ẹni tó ń ṣe búlọ́ọ̀kù ní Àtìkórì, 50 ni yóò ní kẹ́ ẹ gbé wá, tàbí 80, inú àdúgbò ló sì wà. Onítáyà mẹ́wàá á wọ ibẹ̀, á já ẹrù sẹ́nu ọ̀nà, á yí padà. Trélà ńkọ́?

Bí orí trélà, ibi tí ẹ́ńjìnnì àti awakọ̀ wà, bá yà, bọ́dì ẹ̀yìn tó ń kó ẹrù kì í tẹ ibi tí orí tẹ̀. Ńṣe ló máa ń gé kọ́nà kúrú. Orí á ti kọjá dáadáa, ìwọ á rò pé o ti bọ́, àfi kó o wo díńgí kó o rí i pé táyà ẹ̀yìn ti gun etí gọ́tà, ó ti fọ́ síláàbù onílé, ó sì ti ń sún mọ́ òpó iná. Ẹni tó mọṣẹ́ á kọ́kọ́ ki orí kọjá kọ́nà náà, á gba ojú ọ̀nà kejì, lẹ́yìn náà ni yóò tó ká a. Títì tó fẹ̀ lèyí ṣeé ṣe. Lọ́jọ́ ọjà, pẹ̀lú ọ̀kadà àti kẹ̀kẹ́ Màrúwá lápá ọ̀tún lápá òsì, ta ló fẹ́ fún un láyè?

Rífásì wá tún kúrò ní kékeré. Tó o bá fẹ́ kí bọ́dì lọ sí òsì, ọ̀tún lo máa yí sítíárìn sí. Tó o bá yí i jù, orí á ká mọ́ bọ́dì, o ò ní rí nǹkan kan nínú díńgí apá kan mọ́. Mọ́tò bọ̀ì ló máa sọ̀kalẹ̀, á máa pariwo, “Kó o sọ́tùn-ún! Rọra! Ó tó!” Bó bá jẹ́ ọmọ tí kò mọ nǹkan kan ni Ọlọ́run fi ta ọ́ lọ́rẹ, ògiri ẹlòmíì lo máa fi kọ́ ọ.

BàbáÒgèrè

Mo kí gbogbo ilé. Èmi trélà ni mo fi jẹun, mo sì ti wa lọ́rì kó tó dìgbà yẹn, nítorí náà mi ò ní gbè sẹ́yìn ẹnì kan.

Ìyá Sìmẹ́ǹtì, ẹ jẹ́ n sọ ìdí tí ọmọ ẹ̀gbọ́n yín fi ń gbàdúrà. Trélà iléeṣẹ́ ní bẹ́ẹ̀dì lẹ́yìn ìjókòó. Awakọ̀ á sùn, á gbọ́únjẹ, aṣọ rẹ̀ á wà nínú ọkọ̀. Ẹni tó bá ń gba Ògèrè kọjá lójú ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn á rí bí wọ́n ṣe tò lọ rẹrẹ: ibẹ̀ la ti ń sinmi, ibẹ̀ la ti ń dúró de ẹrù, ibẹ̀ la ti ń retí kí ilẹ̀ ṣú ká tó wọ Èkó. Òfin ìrìnnà Èkó ò fẹ́ rí trélà láàárín ìlú láti aago 6 àárọ̀ títí di aago 9 alẹ́, àfi táńkà epo. Ẹni tó ń wa lọ́rì kékeré ò ní irú wàhálà yìí. Àmọ́ ẹni tó bá fẹ́ sun bẹ́ẹ̀dì láàárín wákàtí yẹn, inú lọ́rì kékeré ò gba ẹsẹ̀ rẹ̀.

Owó náà yàtọ̀. Iléeṣẹ́ máa ń san owó ìrìn fún wa, bí ọ̀nà bá ṣe jìn tó lowó ń pọ̀ tó. Ẹni tó ń lọ Kánò tàbí Pọta kì í ṣe ẹgbẹ́ ẹni tó ń lọ Ìkẹ́nnẹ́. Bó bá tún rí ẹrù àbọ̀, àlùbọ́sà tàbí ẹ̀wà, ọwọ́ ẹ̀ á tún le sí i. Ju gbogbo ẹ̀ lọ, táyà kì í ṣe ìṣòro awakọ̀ iléeṣẹ́. Tí ó bá bẹ́, ó pe ọ̀gá. Ìyẹn gan-an ló ń mú kí trélà dùn. Ẹ bọ́ táyà yẹn sí ọrùn ẹni tó ni ọkọ̀ kan ṣoṣo, kẹ́ ẹ wá wò ó bóyá ó ṣì dùn.

Ibi tó kù sí ni ẹ̀rù. Mi ò sọ pé ẹ̀rù kò sí. Onílọ́rì tó tẹ bíréèkì lójú òjò lè yọ̀, àmọ́ ọkọ̀ kan ni, ó yọ̀ lódindi. Ti trélà, ọkọ̀ méjì la so pọ̀. Tí táyà orí bá dì pa lójú omi, bọ́dì tó wà lẹ́yìn ò tíì dúró, á máa taari orí títí orí yóò fi ká mọ́ ọn, ọ̀nà méjèèjì á sì dí. Ẹlòmíì rò pé ìgbà tí ẹrù bá wúwo ló burú jù. Òfìfo lójú òjò gan-an ni kẹ́ ẹ bẹ̀rù, torí táyà ò rí nǹkan fi tẹlẹ̀. Bíréèkì tiwa tún jẹ́ ti afẹ́fẹ́. Ẹni tó bá ń tẹ bíréèkì ṣáá bó ṣe ń sọ̀kalẹ̀, bíréèkì á gbóná, á sì kọ iṣẹ́. Jíà tó wúwo la fi ń sọ̀kalẹ̀, ká tó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀kalẹ̀ la sì ń wọ̀ ọ́.

Ẹ fi ìyẹn kún un pé àwọn ẹ̀ṣọ́ ojú pópó ò fẹ́ kí trélà tàbí táńkà kọjá 60 kìlómítà ní wákàtí kan lójú ọ̀nà márosẹ̀. Ẹni tó bá ń kánjú, kó lọ wa bọ́ọ̀sì.

AwakọJ4

Ẹ kú iṣẹ́ Bàbá. Inú igbó lèmi ti ń ṣiṣẹ́ tèmi, J4 nínú igbó ọba Ọmọ, ní Ìlà-Oòrùn Ìjẹ̀bú. Gẹdú àti pákó la ń kó. Níbẹ̀ ẹ ò ní gbọ́ kẹ́nì kan sọ pé òun fẹ́ trélà. Lọ́rì Mercedes 911 tó dàgbà ju ẹni tó ń wà á lọ ló ń jọba níbẹ̀.

Kì í ṣe ọ̀rọ̀ owó nìkan. Ní lọ́rì, ẹrù jókòó lé táyà ẹ̀yìn tó ń fa ọkọ̀, ìyẹn ni táyà fi ń rí ilẹ̀ dì mú nínú ẹrẹ̀. Ní trélà, ẹ̀yìn bọ́dì ni púpọ̀ nínú ẹrù jókòó lé, táyà ibẹ̀ kì í sì fa nǹkan kan, wíwọ́ ni wọ́n ń wọ́ ọ. Tí òjò ìrọ̀lẹ́ bá rọ̀ lórí ilẹ̀ pupa, orí á máa gbẹ́lẹ̀ ni, bọ́dì á jókòó síbẹ̀. Lọ́rì á kó gẹdú jáde sójú ọ̀dà, ibẹ̀ ni trélà á ti wá gbà á. Bó ṣe wà láti ìgbà àwọn bàbá wa nìyẹn, kò sì sí ẹni tó ń bára wọn jà.

AlájàpáObì (Sábó, Ṣàgámù)

Bó ṣe rí fún obì náà nìyẹn. Canter, lọ́rì kékeré yẹn, àti onítáyà mẹ́fà la fi ń ká a jọ láti abúlé, Òde-Rẹ́mọ, Ìṣarà, gbogbo ẹ̀yìn Ìpẹru. Obì kì í pọ̀ lójú kan. Agbọ̀n mẹ́ta níbí, agbọ̀n márùn-ún lọ́hùn-ún, ojú ọ̀nà oko sì nìyẹn. Tó bá dé Sábó ni wọ́n tó ń ṣà á, tí wọ́n ń fewé dì í, ká tó kó o sí trélà tó ń lọ Òkè Ọya.

Àwọn awakọ̀ Canter tí mo mọ̀, ẹ ò lè fún wọn ní trélà lọ́fẹ̀ẹ́. Wọ́n ń jẹun alẹ́ nílé. Ìyàwó wọn mọ̀ wọ́n lójú. Ẹlòmíì sì máa ń fi tọ́rọ́-kọ́bọ̀ sọ́ọ̀lẹ̀ kún un, èmi ò rí i, èmi ò gbọ́.

ỌmọAlárẹ̀

😂😂 Àwa náà ò gbọ́.

MẹkáníìkìṢàgámù

Ẹ jẹ́ ká ṣírò. Ìyá wa, onítáyà mẹ́wàá yín, orúkọ ẹ̀ ti sọ iye táyà. Trélà tó ń kó 600: orí tó ní ìlà táyà méjì lẹ́yìn, táyà 10. Bọ́dì onílà mẹ́ta, mẹ́rin-mẹ́rin lórí ìlà kọ̀ọ̀kan, táyà 12. Àpapọ̀ 22. Ẹrù di ìlọ́po méjì, táyà ju ìlọ́po méjì lọ, bẹ́ẹ̀ táyà lowó ń bá lọ jù lẹ́yìn dísù. Àpò kan 50 kìlógíráàmù, 600 jẹ́ 30 tọ́ọ̀nù, ẹ ò tíì ka ìwọ̀n ọkọ̀ fúnra rẹ̀. Àwọn míì tún ń di 900 lé e, ìyẹn 45 tọ́ọ̀nù ẹrù nìkan, wọ́n á wá gbé e wá sọ́dọ̀ mi pé kí ló dé tí sípíríńgì ń ṣẹ́.

Nípa dísù, òótọ́ lẹ sọ, dísù tí trélà ń jẹ lórí àpò kọ̀ọ̀kan kéré sí ti lọ́rì, tó bá kún. Tó bá kún ni mo wí. Àpò 600 yín lọ síwájú, kí ló ń bá a bọ̀? Lọ́rì tó ń padà lófìfo sí Ṣàgámù ń jẹ dísù, trélà tó ń padà lófìfo ń jẹ ẹ́ jù ú lọ.

Iléeṣẹ́ ńlá fẹ́ràn trélà nítorí pé orí àti bọ́dì ṣeé pín níyà. Wọ́n á fi bọ́dì kan sílẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń di ẹrù, orí á gbé òmíràn tó ti kún, á máa lọ. Orí kan, bọ́dì méjì tàbí mẹ́ta. Orí kì í jókòó lásán. Ẹ̀yin tó jẹ́ pé orí kan bọ́dì kan lẹ fẹ́ ní, bí bọ́dì bá wà lórí ìlà lẹ́nu ọ̀nà ibi ìdisìmẹ́ǹtì, orí náà wà lórí ìlà. Àǹfààní tí trélà fi ju lọ́rì lọ ti sọnù síbẹ̀.

Tẹ́ ẹ bá ṣì fẹ́ rà á, tòkunbọ̀ ni yóò jẹ́, ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi ọ̀dà tuntun tàn yín. Ẹ ní kí wọ́n tú bọ́dì kúrò lára orí lójú yín. Ẹ wo kingpin, irin roboto tó yọ sísàlẹ̀ bọ́dì, èyí tí orí fi ń dì í mú. Tó bá ti jẹ tán lápá kan, ẹ máa lọ. Ẹ wo àwo tó wà lẹ́yìn orí, fifth wheel, bóyá eyín tó ń há kingpin mọ́ ṣì ń pa dé pátápátá. Tí wọ́n bá so wọ́n pọ̀ tán, kí wọ́n há bíréèkì bọ́dì, kí orí gbìyànjú láti fà á lọ síwájú díẹ̀díẹ̀. Tó bá dúró gbọn-in, ó há. Tí wọ́n bá ní kò pọn dandan, ẹ mọ irú èèyàn tí wọ́n jẹ́ nìyẹn.

ObìnrinÒrù

Ìbéèrè kan. Ṣé láìsẹ́nsì dírẹ́bà náà gbé trélà? Àbúrò mi ọkùnrin wà nínú irú ẹ̀. Kíláàsì E ló wà lára tiẹ̀, ìyẹn gba lọ́rì, kò gba ọkọ̀ tí wọ́n so pọ̀. G ni ti trélà. Ojú tì í láti sọ fún ọ̀gá ẹ̀, ló bá ń wá àwáwí kiri. Ẹ fọgbọ́n bi í, ẹ má bi í níwájú èèyàn.

OnítáyàMẹ́wàá

Ọ̀rọ̀ gidi. Tí ohunkóhun bá ṣẹlẹ̀ tó jẹ́ pé E ló wà lọ́wọ́ ẹ̀, ìnṣọ́ránsì ò ní wò yín lójú.

ÌyáSìmẹ́ǹtì

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín. Mo pè é sínú ṣọ́ọ̀bù lánàá, mo fún un ní mọ́líìtì tútù, mo ní kó jókòó. Láìsẹ́nsì ẹ̀ gbé e, G wà níbẹ̀, ó mú un fún mi wò. Ó ti wa trélà rí fún ẹnì kan lọ́nà Ọ̀rẹ, èmi ò mọ̀.

Ohun tó sọ rèé. Ó ní òun kọ́kọ́ rò ó fún mi ni. Tí trélà bá dé láti Ṣàgámù, tó gba Ìjẹ̀bú-Òde, tó gba Òrù wọlé, kò lè dé ọ̀dọ̀ oníbàárà. Ó di dandan kí wọ́n já 600 sí ṣọ́ọ̀bù, kí n wá háyà Canter tàbí kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́rù láti pín in. Owó àwọn tó ń já ẹrù á di méjì: wọ́n á já a, wọ́n á tún dì í. Àpò tó sì fọ́ nínú ìjálẹ̀ ẹ̀ẹ̀mejì, èmi ni mo ni ín. Báyìí, tí lọ́rì bá dé láti Ṣàgámù, ó máa ń yà lójú ọ̀nà, á já 60 fún ẹni yìí, 100 fún ẹni yẹn, ìyókù ló ń dé ṣọ́ọ̀bù.

Èkejì, ó ní ìlà tí lọ́rì ń tò níbi tí wọ́n ti ń di ẹrù náà ni trélà ń tò. Tí trélà bá gba ọjọ́ méjì lórí ìlà, ọjọ́ méjì yẹn kò sí ẹni tó máa gbé 50 lọ fún oníbúlọ́ọ̀kù. Wọ́n á lọ rà á lọ́wọ́ ẹlòmíì, wọn ò sì ní padà wá.

Ẹ̀kẹta ló tó wá sọ tara ẹ̀: ọmọ ẹ̀ kékeré ṣì wà nílé ìwé, òun ló ń gbé e lọ láàárọ̀.

Mi ò tiẹ̀ rí èsì fún un.

BàbáÒgèrè

Ẹ fún ọmọ yẹn lówó, Ìyá. Mélòó ni dírẹ́bà tó ń bá ọ̀gá ẹ̀ ṣírò?

Ohun tí mo máa gbà yín níyànjú nìyí. Ẹ má ta lọ́rì. Lásìkò ẹ̀ẹ̀rùn, tí gbogbo ayé ń kọ́lé, tí ọjà sì ń yá, ẹ háyà trélà ẹlòmíì fún ìrìn kan. Àwọn kan wà tó ń gbé ẹrù lọ sí Èkó tí wọ́n ń padà bọ̀ lófìfo, owó tí wọ́n máa gbà á rọ̀ ju ti ẹni tẹ́ ẹ pè láti ilé lọ. Kí trélà wá já 600 sí ṣọ́ọ̀bù yín lẹ́ẹ̀kan, kí lọ́rì yín máa pín in jálẹ̀ ọ̀sẹ̀. Ẹ jẹ àǹfààní trélà, ẹ ò ra táyà 22.

OnítáyàMẹ́wàá

Bàbá ti parí ẹ̀. Owó tẹ́ ẹ fẹ́ fi lé e yẹn, ẹ fi ra onítáyà mẹ́fà kan tòkunbọ̀ tí kò ní wàhálà, kó máa sáré sí Àgó-Ìwòyè àti Òrù. Nígbà tí ọkọ̀ kan bá wà lórí ìlà ní Ṣàgámù, èkejì á wà lójú ọjà.

MẹkáníìkìṢàgámù

Mo fara mọ́ ọn. Kí ẹ sì jẹ́ kí dírẹ́bà yín wà níbẹ̀ tẹ́ ẹ bá fẹ́ rà á. Kó fúnra ẹ̀ gbọ́ ẹ́ńjìnnì.

AwakọJ4

Ẹnì kan ò tíì bi Ìyá bóyá iwájú ṣọ́ọ̀bù wọn gba trélà tí wọ́n fẹ́ háyà o.

ÌyáSìmẹ́ǹtì

Ojú títì ni ṣọ́ọ̀bù mi wà, ní Òjòwò. Iwájú ẹ̀ fẹ̀ dáadáa. Gọ́tà kan ló wà láàárín, a fi síláàbù bò ó. Lọ́rì ń gun ún láìsí wàhálà.

BàbáÒgèrè

Lọ́rì yín àti ẹrù ẹ̀ ò wúwo tó trélà rárá. Trélà tó kún fún 600, tẹ́ ẹ bá fi ìwọ̀n ọkọ̀ kún un, ó ju 40 tọ́ọ̀nù lọ. Rífásì ni yóò sì fi wọlé, táyà ẹ̀yìn ló máa kọ́kọ́ gun síláàbù náà pẹ̀lú gbogbo ẹrù lórí wọn. Ta ló da síláàbù yẹn fún yín, irin mélòó ló wà nínú ẹ̀? Tẹ́ ẹ bá rí i pé kò nípọn, ẹ ní kó dúró sí etí títì, kí wọ́n máa ru ú kọjá. Kó má jẹ́ lọ́sàn-án ọjọ́ ọjà, kí àwọn ẹ̀ṣọ́ má bàa wá bá yín.

ÌyáSìmẹ́ǹtì

Irin wo? Búlọ́ọ̀kù àti pákó ni wọ́n fi dábùú ẹ̀, wọ́n kàn da kọnkéré fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ lé e. Ta ló mọ bíríkìlà tó mọṣẹ́ lágbègbè Òjòwò?

ỌmọAlárẹ̀

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ta sìmẹ́ǹtì fún gbogbo bíríkìlà Ìjẹ̀bú-Igbó lẹ ń bi wá, Mọ́mì?